Bí Ẹran Bá Há Àlejò Lọ́fun Lóde Àríyá

Iṣẹ́ àsè ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba kan, ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ ṣàkì, ó ń rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀fun mú. Omi ni mo sáré gbé fún un. Nọ́ọ̀sì kan tó wà láàárín àlejò já ife náà gbà lọ́wọ́ mi. Ohun tó kọ́ mi lọ́jọ́ náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá mi gbé oúnjẹ.

Ẹ kọ́kọ́ bi í: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé nǹkan há yín lọ́fun? Ẹ fọhùn!” Tó bá fọhùn, tó sì ń húkọ́ dáadáa, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ní kó máa húkọ́ lọ. Tí ohùn ò bá jáde, tí ikọ́ ò lágbára, tí ètè ń dúdú, kí ẹnì kan pe 112. Ẹ má fún un lómi, ẹ má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti wá ohun tí ẹ ò rí. Ẹ lè tì í wọlé sí i.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ba síwájú, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lù ú gbà-gbà-gbà láàárín èjìká méjèèjì, ní ìgbà 5. Kì í ṣe pé kí ẹ máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ ọmọ o! Tí kò bá jáde, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo, nísàlẹ̀ egungun àyà, fi ọwọ́ kejì bò ó, kí ẹ fà á wọlé, kí ẹ sì fà á sókè, ní ìgbà 5. Agbádá ló máa ń dí wa lọ́wọ́ níbí; ẹ ká a sókè kí ẹ tó wá ìdodo. Aboyún, tàbí bọ̀rọ̀kìnní tí apá yín ò ká ikùn rẹ̀, àárín àyà ni kí ẹ ti fà á. Ẹ̀yìn 5, ikùn 5, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa ṣe é títí yóò fi jáde.

Tó bá dákú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 30, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kó yára tó 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Tí ẹ bá rí ohun tó há, ẹ yọ ọ́. Ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé edé ló jẹ tí ètè àti ahọ́n rẹ̀ ń wú, ara rẹ̀ ló kọ edé náà, ìyẹn kì í ṣe ti lílù. Abẹ́rẹ́ adrenaline ló nílò. Ẹ gbé e jókòó, ọsibítù ni kíá.

Ẹni tí ẹ bá fa ikùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà, kódà bí ara rẹ̀ bá ti yá, torí inú lè ti fara pa.

Ìgbà tí nọ́ọ̀sì náà lù ú lẹ́ẹ̀kẹrin ni ṣàkì ẹ̀gbọ́n mi fò jáde. Wẹ́wẹ́ ni mò ń gé e báyìí, àwọn oníbàárà mi sì ti ń pè mí ní ahun.