Rírìn Yíká Avebury: Ẹ Fi Àwọn Òkúta Ṣe Ìgbẹ̀yìn

Ẹni tó bá dé abúlé Avebury ní Wiltshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òkúta ràgàjì tí àwọn èèyàn àtijọ́ gbé nàró yípo ni yóò kọ́kọ́ rí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ máa ń wò tán tí wọ́n á padà sílé. Ẹ̀yin, ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ẹ jáde gba ẹ̀yìn oko, kí ẹ yípo padà wá bá wọn. Bíi kìlómítà 10 ni, kò sí òkè líle níbẹ̀. Èmi máa ń ya wákàtí mẹ́rin sọ́tọ̀ nítorí pé mo máa ń dúró wo nǹkan.

Ẹ wọ bàtà tó gba ẹrẹ̀, torí omi máa ń bo ọ̀nà etí odò nígbà òtútù. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ sọdá títì, kí ẹ tẹ̀lé odò kékeré náà lọ sápá gúúsù. Òkè kan tí wọ́n ń pè ní Silbury Hill á yọ lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Ọwọ́ èèyàn ló kó o jọ, ní nǹkan bíi ọdún 2400 ṣáájú ìbí Jésù, ó sì ga tó mítà 39. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gùn ún, èèwọ̀ ni.

Ẹ sọdá títì A4 pẹ̀lú ìṣọ́ra, ọkọ̀ máa ń sáré níbẹ̀, kí ẹ wá gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí West Kennet Long Barrow. Ibojì ni, ó ti wà láti nǹkan bíi 3650 ṣáájú ìbí Jésù, èèyàn 36 ó kéré tán ni wọ́n tẹ́ sínú yàrá rẹ̀ márùn-ún. Ẹ wọlé, kí ẹ pa tọ́ọ̀ṣì díẹ̀. Òkúta kan wà nínú rẹ̀ tí ara rẹ̀ ń jọ̀lọ̀ níbì kan: wọ́n ti ń pọ́n àáké lára rẹ̀. Mo ki ìka mi bọ ojú ibi tó jin náà, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Mi ò tètè yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ dorí kọ ìlà-oòrùn, ẹ gba abúlé East Kennett dé Sanctuary, ibòmíràn tí àwọn òkúta nàró yípo rí. Wọ́n ti wó àwọn òkúta ibẹ̀ láti nǹkan bíi 300 ọdún sẹ́yìn. Kọnkéré ló ń tọ́ka sí ojú wọn báyìí. Ní òdìkejì A4 ni ọ̀nà Ridgeway ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ̀ ọ́ lọ sápá àríwá títí dé oríta tó bá ọ̀nà Herepath pàdé, ẹ yà sósì, ẹ máa sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀nà yẹn ló máa já yín sáàárín òkúta. Ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní Barber Stone ní apá gúúsù. Láyé àtijọ́ ni àwọn ará abúlé ń ri òkúta mọ́lẹ̀. Nígbà tí Alexander Keiller, tó ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́, ń hú wọn jáde lọ́dún 1938, wọ́n bá egungun ọkùnrin kan lábẹ́ èyí. Sísọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀, abẹ kékeré wà níbẹ̀, àti owó fàdákà mẹ́ta. Gbàjámọ̀ tó tún ń ṣiṣẹ́ abẹ ni wọ́n kà á sí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti máa ń jókòó bọ́ bàtà.