Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ológbò ìta wọlé, ẹ má kánjú

Púpọ̀ nínú ológbò tó wà nílé àwọn èèyàn l'Ékòó àti n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tó rà wọ́n. Inú gọ́tà, abẹ́ mọ́tò, ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ tàbí ìdí tábìlì àwọn alápatà lọ́jà ni wọ́n ti rí wọn, ẹnì kan á gbọ́ igbe lóru, àánú á ṣe é, ni ológbò bá di tiẹ̀. Àánú yẹn dáa o. Àmọ́ ìkánjú tó máa ń tẹ̀ lé e ló ń ba nǹkan jẹ́, wọ́n á wẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á da mílíìkì agolo síwájú ẹ̀, wọ́n á pe gbogbo ọmọ inú kọ́ḿpáùn wá wò ó kí wọ́n lè ya fídíò, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí nǹkan kékeré yẹn á ti máa gbọ̀n.

Tó bá jẹ́ ọmọ ológbò lẹ rí, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ìyá wọn máa ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ, ó sì lè pẹ́ kó tó dé, tẹ́ ẹ bá wá dúró síbẹ̀ ó ń wò yín níbi tó fara pamọ́ sí, kò ní yọjú. Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ lè bu ìyẹ̀fun díẹ̀ yí ibi tí wọ́n wà ká, tẹ́ ẹ bá padà dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tẹ́ ẹ bá ipasẹ̀ ológbò ńlá nínú ẹ̀, ìyá wọn wà láyé nìyẹn. Àwọn ọmọ tó mọ́, tí ikùn wọn yọ díẹ̀, tí wọ́n sùn lé ara wọn láìké, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìyá wọn, kẹ́ ẹ kàn máa gbé oúnjẹ sí tòsí fún òun, torí wàrà ẹ̀ dáa ju ohunkóhun tẹ́ ẹ lè fowó rà lọ. Èyí tó ń ké tí kò dákẹ́, tó dọ̀tí, tó tutù lọ́wọ́, tàbí tó wà níbi tí mọ́tò ti lè tẹ̀ ẹ́, ìyẹn gan-an lẹ máa gbé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe rèé: ọmọ ológbò tó bá tutù, ẹ má fún un lóúnjẹ rárá. Ara tó tutù ò lè da oúnjẹ, tẹ́ ẹ bá fi ipá mú un, inú ẹ̀ lè dàrú tàbí kí mílíìkì yẹn gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ara ẹ̀ móoru ná. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike omi, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e dáadáa, ẹ gbé e sí apá kan nínú páálí, kẹ́ ẹ fi apá kejì sílẹ̀ lófìfo kó lè sún síbẹ̀ tí ooru bá pọ̀ jù fún un. Tí ẹnu ẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti móoru, tó bá ti ń ta padà, oúnjẹ kàn nìyẹn.

Oúnjẹ wo wá ni? Kì í ṣe mílíìkì màlúù o, yálà ti agolo tàbí èyí tí wọ́n ń pò. Ìgbẹ́ gbuuru ló máa fún un, ìgbẹ́ gbuuru sì máa ń fa omi ara ọmọ kékeré tán kíákíá. Mílíìkì tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ológbò wà, ẹ bi dókítà ẹranko tàbí àwọn tó ń ta oúnjẹ ajá, tẹ́ ẹ ò bá sì rí i lóru ọjọ́ náà, wàrà ewúrẹ́ ṣeé fi rọ́jú di àárọ̀. Ẹ fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu kán an fún un díẹ̀díẹ̀, kó da ikùn délẹ̀ bó ṣe máa ń wà tó bá ń mu ọmú ìyá ẹ̀, ẹ má dá a dùbúlẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń rọ ọmọ lágbo, ẹ̀dọ̀fóró ni mílíìkì máa gbà lọ. Èyí tí ò tíì tó ọ̀sẹ̀ 2, wákàtí 2 sí 3 ló máa ń fẹ́ jẹun, lọ́sàn-án lóru, nítorí náà tí iṣẹ́ yín ò bá fàyè gba irú ẹ̀, ẹ wá ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rin rọra nu ìdí ẹ̀ títí á fi tọ̀, torí ní ọjọ́ orí yẹn kò lè dá tọ̀ fúnra ẹ̀, ahọ́n ìyá ẹ̀ ló ń bá a ṣe é.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ọjọ́ orí ẹ̀ ò le. Ojú wọn máa ń là láàárín ọjọ́ 7 sí 14, eyín kékeré iwájú máa ń yọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, láti ọ̀sẹ̀ 4 lọ ó lè máa lá oúnjẹ rírọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun, ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ó yẹ kó máa fi bíi gíráàmù 10 lé sí i lójúmọ́, tó bá ń jó rẹ̀yìn, dókítà ni.

Ti àgbà ológbò yàtọ̀. Ẹ má gbá a mú pẹ̀lú ọwọ́ lásán, ẹ ju táwẹ́ẹ̀lì tó nípọn bò ó kẹ́ ẹ wé e, tàbí kẹ́ ẹ fi ẹja fà á wọnú páálí tẹ́ ẹ ti dá ihò sí. Ẹ má sì di awọ ọrùn ẹ̀ gbé e sókè, ọmọ kékeré ni ìyá ológbò ń gbé bẹ́ẹ̀, àgbà ti wúwo ju ìyẹn lọ. Tó bá délé, yàrá kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ má fi gbogbo ilé lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilé ìwẹ̀ tí omi ò sí nílẹ̀ gan-an á ṣe é, tí nẹ́ẹ̀tì fèrèsé bá ti dúró dáadáa. Ẹ dojú páálí kan kọ ògiri kó lè ríbi sá pamọ́ sí, omi àti oúnjẹ ní kọ̀rọ̀ kan, àwo yanrìn ní kọ̀rọ̀ kejì, ológbò kì í fẹ́ jẹun níbi tó ń yàgbẹ́ sí, èmi náà ò dá a lẹ́bi.

Tó bá sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀! Ẹ má fi ìgbálẹ̀ tì í jáde. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá yẹn, ẹ máa tẹ fóònù yín, ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má tẹjú mọ́ ọn torí ìjà ni títẹjú mọ́ra ẹni láàárín àwọn ológbò, tójú yín bá ṣèèṣì ṣe mẹ́rin ẹ rọra dijú kẹ́ ẹ rọra là á. Òmíràn á jáde lọ́jọ́ kejì, òmíràn á lo ọ̀sẹ̀, àwọn kan tí èèyàn ti fi ìyà jẹ rí á lo oṣù. Ọjọ́ tó bá fúnra ẹ̀ wá fi orí ra yín lẹ́sẹ̀, wọ́n ti fún yín ní físà nìyẹn. Nǹkan kan péré ni kò gba sùúrù: tí kò bá jẹun rárá fún ọjọ́ 2 gbáko, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀dọ̀ ológbò kì í fara da ebi.

Ẹ̀ẹ̀n, ọ̀rọ̀ ìwẹ̀. Kò nílò ẹ̀, ahọ́n ẹ̀ ni kànìnkànìn ẹ̀, aṣọ tútù lẹ máa fi nù ún. Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ sí Izal, kò gbọdọ̀ sí Dettol, kò gbọdọ̀ sí kẹrosíìnì lára ẹ̀, kẹ́ ẹ sì má fi oògùn eégbọn ajá pa á lára, torí permethrin, ìyẹn kẹ́míkà tó ń pa eégbọn, tó wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ajá lè fara dà á, àmọ́ ó lè mú kí ológbò máa gìrì títí á fi kú. Gbogbo ohun tó bá sì wà lára ẹ̀ ló máa lá wọnú.

Oúnjẹ àgbà: ẹlẹ́ran-jíjẹ ni ológbò, ẹ̀bà tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ pò kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀ kódà tó bá ń jẹ ẹ́. Èròjà kan tó ń jẹ́ taurine wà nínú ẹran, ara ológbò ò lè dá èyí tó tó ṣe, tí kò bá rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́ ojú ẹ̀ lè fọ́, ọkàn ẹ̀ sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Oúnjẹ ajá ò tó fún un. Tí oúnjẹ ológbò tí wọ́n ń tà ní báàgì bá wọ́n jù, ẹ lè máa lú u pọ̀ mọ́ ọkàn adìẹ, gísáàdì, ẹran adìẹ tàbí ẹja Titus tẹ́ ẹ bọ̀ láìsí iyọ̀, láìsí ata, kẹ́ ẹ yọ egungun ẹ̀ kúrò. Àlùbọ́sà àti áyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, nítorí náà ọbẹ̀ yín kì í ṣe tiẹ̀, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó.

Ní ti ìgbọ̀nsẹ̀, yanrìn gbígbẹ tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la igi dáa, ẹ bù ú sínú ọpọ́n ike, kẹ́ ẹ máa kó o lójoojúmọ́. Ìyàwó tó lóyún ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kó o, àrùn toxoplasmosis lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò, ó sì lè ṣe ọmọ inú níjàǹbá. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ wá lé ológbò jáde nítorí ìyẹn o, ó máa ń tó ọjọ́ kan ó kéré tán kí kòkòrò yẹn tó lè ran èèyàn, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹlòmíì máa kó o lójoojúmọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹni tó bá wà n'Íbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, FUNAAB, ìyẹn yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, ní tiẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, Yunifásítì Ìlọrin náà ní. Oògùn aràn la kọ́kọ́ ń lò, ọmọ kékeré gan-an ń lò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á sì máa tún un gbà títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, ti dìgbòlugi láti oṣù 3. Ẹ má fojú di ìyẹn, dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan. Tí ológbò tẹ́ ẹ ò mọ ibi tó ti wá bá ge yín jẹ, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà hòsípítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró kí ara ro yín, torí tí àmì ẹ̀ bá ti jáde lára èèyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lọ́wọ́ ọjọ́ 28 oṣù September, ìyẹn àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, àwọn dókítà ẹranko máa ń gún abẹ́rẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ níbi púpọ̀, ẹ máa fetí sílẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa tẹ akọ lọ́dàá tàbí yọ ilé ọmọ abo. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ìwà ìkà ni, à ń tẹ òbúkọ lọ́dàá a kì í sunkún, kí ló wá dé tó jẹ́ orí ológbò la ti ń káàánú? Abo lè lóyún ní oṣù 4 sí 5, oṣù 2 péré ló fi ń gbé e, ó sì lè lóyún òmíràn kó tó já ọmú lẹ́nu àwọn ti àkọ́kọ́. Inú gọ́tà kan náà ni àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ò ríbi gbé sí máa padà sí.

Ohun tó máa ń pa ológbò inú ilé jù lójú tèmi ni májèlé wa. Sniper, ọ̀tapiapia, káńfọ̀ tí wọ́n ń jù sí inú wọ́dúróòbù, eku tó ti jẹ oògùn eku. Àti Panadol! Hóró kan péré tó láti pa á, ẹ má fi oògùn èèyàn wo ibà ológbò. Tí itọ́ bá ń dà lẹ́nu ẹ̀ tó ń gbọ̀n, ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́nà ọ̀fun, epo kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì lè jẹ́ kí májèlé mìíràn tètè wọra. Ẹ mú ìgò tàbí páálí ohun tó jẹ dání, kẹ́ ẹ sáré lọ bá dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ tó ń lóṣòó sórí yanrìn tí ìtọ̀ ò jáde, ẹ má dúró dọ̀la.

Ti àdúgbò ńkọ́? Ẹ sọ fún lánlọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ igbe ẹ̀ lóru ni bàbá máa fi mọ̀. Àwọn kan á ní àjẹ́ ni, pàápàá tó bá dúdú, àríyànjiyàn ò wúlò, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé eku dínkù. Àmọ́ ẹ máa tì í mọ́lé tílẹ̀ bá ti ṣú, torí àwọn tó ń wá ológbò dúdú fún àsèje wà, ẹ̀yin náà mọ̀.

Tí ajá bá wà nílé tẹ́lẹ̀, ẹ má fi ojú wọn kanra lọ́jọ́ kìíní. Ẹ fi aṣọ nu ológbò lára kẹ́ ẹ gbé e fún ajá kó gbóòórùn ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ológbò náà, kẹ́ ẹ máa fún àwọn méjèèjì lóúnjẹ ní ìhà méjì ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Ọjọ́ tí wọ́n bá máa rí ara wọn, ajá wà lórí okùn, ológbò ní ibi gíga tó lè fò sí. Òròmọdìẹ àti ehoro kékeré, wọn ò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ológbò rárá, ì báà jẹ́ èyí tó níwà jù láyé, ẹ da àgò bò wọ́n kẹ́ ẹ sì gbé òkúta tó wúwo lé e.