Àwọn Àṣìṣe Tí Ará Èkó Máa Ń Ṣe Bí Wọ́n Bá Fẹ́ Fi Ọkọ̀ Lọ Wo Òkè Jos

Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà ni àwọn ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ní Èkó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ó yẹ kí àwọn wa ọkọ̀ lọ sí apá Òkè Ọya, kí àwọn lọ wo àwọn òkè àti àpáta ìpínlẹ̀ Plateau. Èrò tó dára ni. Ìlú Jos fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, àwọn àpáta rẹ̀ sì to ara wọn léra bí ẹni pé ọmọdé ló fi wọ́n ṣeré. Ṣùgbọ́n Sùúrùlérè tàbí Lẹ́kí ni ọ̀pọ̀ irú ìrìn àjò yìí ti ń bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná ọkọ̀ rárá, nítorí pé ìkánjú Èkó ni a máa ń dì mọ́ ẹrù lọ sí orí òkè tí kò gba ìkánjú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti iye ọjọ́. Àwọn ènìyàn á ní àwọn máa kúrò ní Èkó ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn á wo Jos ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn á sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Láti Èkó dé Jos tó nǹkan bíi kìlómítà 1,000. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n eré 100 tí òfin gbà fún ọkọ̀ kékeré lójú ọ̀nà márosẹ̀ pín in, tó sì ní wákàtí 10 ni, kò tíì ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger mọ́ ọn, kò ka ti Ìbàfò àti Mowé, kò ka àwọn ibi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò lójú títì, kò ka àwọn ọlọ́pàá àti ṣọ́jà tó ń dá ọkọ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò ka ọ̀rẹ́ tó fẹ́ tọ̀ ní gbogbo ilé epo. Bó bá wá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ẹ mú, tí àwọn olùjọsìn ń rọ́ lọ sí Redemption City, ilẹ̀ lè ti mọ́ tán kí ẹ tó rí ẹ̀yìn Ṣágámù. Ọjọ́ méjì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún lílọ, ọjọ́ méjì fún bíbọ̀, kí ọjọ́ tí ẹ ó fi wo nǹkan tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ á rí i pé ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ní ohun tó ṣeé wò. Bí ẹ bá gba Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ jáde sí Lokoja, ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ gun Òkè Patti ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí pé láti orí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ibi tí Odò Ọya àti odò Benue ti pàdé. Ọ̀pọ̀ ará Èkó ló ti kọjá ní Lokoja láìmọye ìgbà tí wọn kò gbójú sókè wo òkè yẹn rí, èyí tó jẹ́ ohun ìyanu lójú mi.

Èkejì ni gbígbé gbogbo ọkàn lé máàpù orí fóònù. Máàpù mọ ọ̀nà tó kúrú, ṣùgbọ́n kò mọ afárá tí omi gbé lọ láàárọ̀ yìí, kò sì mọ ibi tí àwọn ajínigbé ti ń yọ ará ìlú lẹ́nu. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022, omi Odò Ọya bo ọ̀nà Lokoja sí Abuja mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì há sójú ọ̀nà fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tó yẹ kí ẹ bi léèrè wà nítòsí: ẹ lọ sí gáréèjì Jíbówú ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìrìn àjò, kí ẹ wá awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Abuja tàbí Jos, kí ẹ rà á ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ẹ sì bi í pé ọ̀nà wo ni òun gbà àti ìdí tó fi yàn án. Ó lè ní kí ẹ gba Ìlọrin, Jebba àti Mokwa dípò Òkéné. Bó bá ní kí ẹ má lọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbà á gbọ́. Kò sì sí ìtìjú nínú kí ẹ wọ bàálù dé Abuja, tàbí dé pápákọ̀ òfurufú Yakubu Gowon tó wà ní Heipang lẹ́bàá Jos, kí ẹ wá háyà ọkọ̀ àti awakọ̀ ìlú níbẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn ló bọ́gbọ́n mu jù fún ẹni tí kò bá ní ju ọjọ́ mẹ́rin lọ.

Ìrìn òru ńkọ́? Ẹ má ṣe é rárá. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń ká àwọn ènìyàn mọ́ ojú ọ̀nà nítorí ohun kan tí wọn kò fi sọ́kàn: oòrùn kì í wọ̀ ní Jos àti Èkó ní àkókò kan náà. Jos jìnnà sí Èkó ní apá ìlà oòrùn, aago kan náà la sì ń lò ní gbogbo Nàìjíríà, nítorí náà ilẹ̀ máa ń ṣú ní Jos ní ohun tó lé ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ti Èkó, pàápàá ní oṣù Ọ̀pẹ. Ẹni tó ń fi ojú Èkó wo aago ní Akwanga, tó ní òun ṣì ní ìmọ́lẹ̀ títí di aago méje ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀, á bá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè.

Ọ̀nà tó ń gun òkè yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni àṣìṣe ti lè gba ẹ̀mí. Bí ẹ bá ti Akwanga bọ̀, ẹ ó dé Hawan Kibo, ibi tí títì ti ń lọ́ bí ó ti ń gun ẹ̀gbẹ́ òkè, tí àwọn tírélà ń wọ́ lọ sókè, tí àwọn mìíràn sì ń ti òkè bọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Ní gígun, ẹ́ńjìnnì ló ń jìyà. Afẹ́fẹ́ orí òkè fúyẹ́, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò á pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára jù bí ènìyàn márùn-ún àti ẹrù wọn bá wà nínú ọkọ̀. Àlàfo tó tó láti fi ya ọkọ̀ sílẹ̀ ní Third Mainland Bridge kò ní tó níbẹ̀. Bí ọwọ́ tó ń júwe gbígbóná ẹ́ńjìnnì bá ti ń gòkè, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi tó tẹ́jú, ẹ má sì ṣí ọmọrí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Omi tilẹ̀ máa ń tètè hó ní Jos, ní nǹkan bí ìwọ̀n 96 dípò 100 tó ń gbà ní etí òkun wa. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi máa ń pẹ́ lórí iná fún ẹni tó bá lọ dáná níbẹ̀.

Sísọ̀kalẹ̀ ló léwu ju gígun lọ. Awakọ̀ Èkó mọ bíréèkì, kò sì mọ jíà. Láti Ajah dé Ìyànà Ìpájà, D nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń lò nínú ọkọ̀ ọtọmátíìkì, àwọn nọ́ńbà tàbí L tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ohun tí wọ́n kàn yà síbẹ̀ lásán. Níbi tí òkè ti ń sọ̀kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láìgbé e kúrò á kọ́kọ́ gbọ́ òórùn kíkorò bí ìgbà tí rọ́bà ń jóná. Lẹ́yìn náà, ibi títẹ̀ bíréèkì á di rírọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, á máa wọlẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ́ìlì bíréèkì ti hó, ó ti di oru nínú páìpù bíi ti ìkòkò tó ń hó, kò sì lè ti nǹkan kan mọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ ti fa jíà wá sí 3 tàbí 2, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa di ọkọ̀ mú. Yóò máa pariwo, ẹ jẹ́ kó pariwo. Ẹ tẹ bíréèkì dáadáa kí eré rẹ̀ lọ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò kó lè tutù. Bí ẹ bá ti gbọ́ òórùn yẹn, ẹ dúró kó tutù fúnra rẹ̀, ẹ má da omi lé e, nítorí pé irin tó gbóná lè sán. Nítorí náà, ọ́ìlì bíréèkì tó ti lé ní ọdún méjì nínú ọkọ̀ ni kí mẹkáníìkì pààrọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí pé bó ti ń pẹ́ ló ń fa omi mọ́ra, èyí tó lómi nínú ló sì ń tètè hó.

Ti táyà kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT. Bó bá jẹ́ 2219, ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti pẹ́ lè máa dán bí tuntun lójú. Ẹ rí i pé sípíyà ní atẹ́gùn, pé jáàkì àti sípánà rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC, sínú fóònù gbogbo yín.

Nípa owó, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ni ọkọ̀ máa ra epo kí àwọn yòókù máa ní àwọn á san án padà bí àwọn bá dé Èkó. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ẹ dá owó jọ kí ẹ tó gbéra, kí ẹnìkan máa kọ ìnáwó sílẹ̀, kí owó bébà sì wà lọ́wọ́, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ níbi tí ẹ ti fẹ́ sanwó. Kí ó kéré tán ẹni méjì tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ sì máa gbà á fún ara wọn.

Àwọn kan máa ń lọ ní àárín ọyẹ́, kí wọ́n lè rí òtútù tí wọ́n ń gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n á rí i lóòótọ́: ní òru, ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé ìwọ̀n 12, fílà àti aṣọ ànkárá kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ mú súwẹ́tà àti òrí dání fún ètè tó ń sán. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni pé eruku ọyẹ́ máa ń bo òkè lójú, omi Assop tó ń já láti orí àpáta sì ti máa ń dínkù. Ìparí oṣù Ọ̀wàrà sí àárín oṣù Bélú ni mo fara mọ́, nígbà tí koríko ṣì tutù tí eruku kò sì tíì dé. Bí ẹ bá dé Assop, ẹ má fi sílípáàsì gun àpáta tó ti lómi lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú àwọn adágún tó wà káàkiri àyíká Jos, bó ti wù kí wọ́n rẹwà tó nínú fọ́tò. Kòtò àwọn tó wa tánganran ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n jìn, etí wọn sì dà gẹ̀rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó kó sínú rẹ̀ kì í rí ibi dì mú.

Àṣìṣe mìíràn ni kíkó gbogbo orúkọ tí ẹ ti gbọ́ rí sínú ètò kan ṣoṣo. Obudu kò sí ní Òkè Ọya rárá, ìpínlẹ̀ Cross River ló wà. Mambilla wà ní Taraba, ó jìnnà sí Jos gan-an, ìrìn àjò tirẹ̀ ló tọ́ sí i. Àpáta Riyom, Assop àti òkè Shere, tí téńté rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 1,800, ti tó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos tí wọ́n ṣí ní ọdún 1952, níbi tí ẹ ti lè rí àwọn ère amọ̀ Nok. Ẹ wá ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà kí ẹ tó gun Shere, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀.

Ẹ má ṣe pe gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé ní Gàm̀bàrí. Àwọn Berom, Afizere àti Anaguta ni onílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sọ Hausa ní ọjà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe Hausa. Ní ìlú tí ìjà ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ní ọdún 2001 àti 2010, irú àṣìsọ bẹ́ẹ̀ wúwo ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ gba àyè kí ẹ tó ya ènìyàn ní fọ́tò, ẹ má sì ya ibi tí ṣọ́jà wà. Bó bá rú yín lójú, ẹ wá àwọn Yorùbá ìlú náà, pàápàá àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí baba wọn ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́. Wọ́n á tọ́ yín sọ́nà.

Ní ti ọjà, àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń padà ni kí ẹ ra pòtétò, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì, kí pòtétò sì wà nínú agbọ̀n tàbí àpò tó ń gba atẹ́gùn. Sítíróbẹ́rì kò lè dé Èkó láìsí yìnyín. Kí ẹ sì fi sọ́kàn pé ọkọ̀ tó gun Hawan Kibo pẹ̀lú báàgì lásán ti di ọkọ̀ tó ru àpò pòtétò mẹ́ta nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀: ẹ tún atẹ́gùn táyà wọ̀n ní Jos, kí ẹ sì ti fa jíà sísàlẹ̀ kí títì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà.