Bí A Ṣe Ń Ṣírò Bí Èrò Ṣe Pọ̀ Tó Lórí Ilẹ̀ Cap-Vert

Cap-Vert ni ilẹ̀ tó yọ ṣóńṣó wọ inú òkun ní Sẹ̀nẹ̀gàl, tí omi yí ká lápá mẹ́ta. Orí rẹ̀ ni ìlú Dakar tẹ̀dó sí, níbi tí ilẹ̀ Áfíríkà parí sí lápá ìwọ̀-oòrùn bí a bá yọ àwọn erékùṣù kúrò.

Ìkànìyàn ọdún 2013 rí 3,137,196 ènìyàn ní ẹkùn Dakar, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 550 kìlómítà onígun mẹ́rin. Bí ẹ bá pín èrò sí ilẹ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi 5,700 fún kìlómítà onígun mẹ́rin kan. Ẹ má dúró síbẹ̀, torí iye yìí kò bá àdúgbò kankan mu.

Ẹ gé ilẹ̀ náà bí ẹní gé ẹja, láti orí dé ọrùn, kí ẹ ṣírò ègé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba mẹ́rin tí ẹkùn Dakar ní nígbà ìkànìyàn náà. Ìlú Dakar fúnra rẹ̀ ní ènìyàn 1,146,053 lórí kìlómítà onígun mẹ́rin 79: ó lé díẹ̀ ní 14,500 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Guédiawaye ní 329,659 lórí 13 péré, ìyẹn ju 25,000 lọ! Pikine ní 1,170,791 lórí 87, nǹkan bíi 13,450. Rufisque tó wà níbi ọrùn ní 490,694 lórí 372. Nǹkan bíi 1,300 ló kàn kìlómítà onígun mẹ́rin kan níbẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé jù ni ààlà. Ní 2021 ni wọ́n yọ Keur Massar lára Pikine, nítorí náà ẹ má fi 87 àtijọ́ pín iye èrò Pikine ti ìsinsìnyí.

Ẹ tún wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Òkúta òkè ayọnáyèéfín ló wà níbi orí ilẹ̀ náà, àmọ́ iyanrìn ni ọrùn. Láàárín àwọn òkìtì iyanrìn náà ni ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ wà, Niayes, tí omi abẹ́lẹ̀ kò jìn níbẹ̀. Nígbà ọ̀dá àwọn ọdún 1970, àwọn èèyàn kọ́lé sínú adágún tó ti gbẹ ní Pikine. Nígbà tí òjò padà, pàápàá ní 2005, omi gba ilé wọn. Bí ilẹ̀ tó ṣeé gbé lẹ ń wá, ẹ yọ àwọn adágún wọ̀nyí, kí ẹ sì yọ pápákọ̀ òfurufú àtijọ́ ní Yoff.

Láti yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ fi iye ègé kọ̀ọ̀kan sọ ilẹ̀ rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ ro gbogbo wọn pọ̀. Bí kò bá súnmọ́ 3,137,196, ó lè jẹ́ pé ẹ ṣi ìṣírò ṣe, tàbí pé iye èrò ègé kan jẹ́ ti ààlà tàbí ọdún mìíràn.