Bí Mo Ṣe Kọ Àríwísí Ìgbàsílẹ̀ Mẹ́rin ti Símfónì Karùn-ún Beethoven

Iṣẹ́ tó wà níwájú mi ni kí n fi ìgbàsílẹ̀ mẹ́rin ti Símfónì Karùn-ún Beethoven, orin ọ́kẹ́sírà alápá mẹ́rin, wé ara wọn, kí n sì kọ àríwísí tí kò ní ju ojú ìwé méjì lọ. Mo mú ti àwọn olùdarí ọ́kẹ́sírà mẹ́rin: ti Arthur Nikisch pẹ̀lú Berlin Philharmonic (1913), ti Wilhelm Furtwängler pẹ̀lú ọ́kẹ́sírà kan náà (oṣù Karùn-ún 1947), ti Carlos Kleiber pẹ̀lú Vienna Philharmonic (1974), àti ti John Eliot Gardiner pẹ̀lú Orchestre Révolutionnaire et Romantique (1994). Òfin kan ṣoṣo ni mo gbé kalẹ̀: n kò ní kọ ìyìn tàbí àbùkù kankan láìtọ́ka sí báà (ìpín kékeré tí a fi ilà pín nínú ìwé orin) tí òǹkàwé lè lọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́. “Ó lágbára”, “ó tutù”, “ó ní ẹ̀mí”: òfìfo ni gbogbo wọn tí a kò bá sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Kí n tó tẹ orin kankan, mo wádìí ohun tó wà lọ́wọ́ mi gan-an. Orúkọ olùdarí nìkan kò tó. Herbert von Karajan fi Berlin Philharmonic gba símfónì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Beethoven sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ní 1961 sí 1962, 1975 sí 1977, àti 1982 sí 1984, lẹ́yìn tó ti fi ọ́kẹ́sírà Philharmonia ṣe wọ́n. Ẹni tó bá kọ “Karùn-ún ti Karajan” kò tíì sọ èwo. Nítorí náà, mo kọ ọdún, ìlú, ọ́kẹ́sírà, àti bóyá èrò jókòó sí gbọ̀ngàn, sórí ìwé kan fún ìgbàsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti Furtwängler, níwájú èrò ni, nígbà tó padà sọ́dọ̀ ọ́kẹ́sírà rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ikọ́ èrò tí a ń gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe àbùkù ìṣeré.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìwé orin, mo sì ṣe ìṣirò. Apá kìn-ín-ní ní báà 502, Beethoven sì ní kí á tún báà 124 àkọ́kọ́ ṣe. Ní 1817 ó gbé ìwọ̀n mẹ́tírónóòmù, ẹ̀rọ tó ń ka ìyára orin, jáde: 108 nínú ìṣẹ́jú kan fún nóòtù ìdajì, èyí tó jẹ́ báà kan gbáko níbí. Báà 626 (502 àti 124) tí a bá pín sí 108, ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48 ni, láìka àwọn ibi tí orin ti dúró. Ti Kleiber, tó tún báà 124 yẹn ṣe, lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20, ìyẹn bíi báà 85 nínú ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ìyára rẹ̀ gan-an, nítorí gbogbo ìdúró àti fèrè oboe tó ń dá kọrin wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àríwísí ti ń ṣìnà nìyẹn. Wọ́n ń ka àkókò ẹ̀yìn páálí, wọ́n sì ń pe èyí tó kúrú ní èyí tó yára. Olùdarí tó bá ń rìn ní báà 75 péré, tí kò sì tún báà 124 yẹn ṣe, yóò parí ní ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 42, yóò wá dà bí ẹni pé ó yára ju Kleiber lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wọn báà 25 sí 58 nìkan. Báà 34 ni, kò sí àmì ìdúró kankan láàárín wọn. Ní 108, ó yẹ kó gba ìṣẹ́jú-àáyá 19. Bó bá gba 22, ìyára jẹ́ bíi 93. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta fún ìgbàsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì mú èyí tó wà láàárín. Ti Gardiner ló sún mọ́ ìwọ̀n Beethoven jù lọ.

Àwo àtijọ́ tún ní ìṣòro mìíràn: kì í ṣe gbogbo àwo tí wọ́n ń pè ní 78, ìyẹn iye ìgbà tó ń yí nínú ìṣẹ́jú kan, ni wọ́n gé ní 78 lóòótọ́. Bí ẹni tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà bá fi 80 yí àwo tí wọ́n gé ní 78, orin yóò yára sí i ní bí ìdá 2.5 nínú 100, ohùn yóò sì gòkè ní nǹkan bí ìlàjì ìdajì-ohùn (semitone). Alámèyítọ́ á wá máa yin “iná” tó wà lára olùdarí, ẹ̀rọ ló ń yára. Mo fi áàpù tó ń wọn ohùn wo nóòtù gígùn àkọ́kọ́ fáólíìnì, E♭ ní báà 2. Tí nóòtù A bá jẹ́ 440 Hz (iye ìgbọ̀n nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan), E♭ yìí yóò jẹ́ 311 Hz. Ọ́kẹ́sírà òde òní máa ń lé díẹ̀ sí i. Àwọn tó ń lo ohun èlò ayé Beethoven máa ń mú A sí nǹkan bí 430, E♭ wọn á sì jẹ́ 304. Kí a má ṣe pe ìyẹn ní àṣìṣe ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kí ohùn gbogbo wọn dọ́gba, òun ló sì gba àkókò jù. Ohun tó bá fi dẹ̀síbẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 1 péré lé ohùn èkejì, etí á ní òun ló dára jù, kò sì ní mọ̀ pé ariwo ló fà á. Mo gé ibi kan náà nínú ìgbàsílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ìṣẹ́jú-àáyá 40, mo wo àròpín agbára ohùn rẹ̀ nínú ètò orí kọ̀ǹpútà, mo sì dín èyí tó pariwo kù títí ìyàtọ̀ wọn fi wà lábẹ́ 0.5. Dídínkù ni, kì í ṣe àfikún, kí òkè ohùn má bàa fọ́. Mo ní kí ẹnìkan yí orúkọ fáìlì padà sí A, B, D, E, Ẹ, kí ó sì fi ọ̀kan sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ méjì láìsọ fún mi. Àwo 1913 kò ṣe é fi pamọ́, ariwo rẹ̀ ń tú u fó. Ẹ̀dà méjì yẹn ni ìdánwò gidi. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo kọ “fáólíìnì le jù” sí ọ̀kan, “fáólíìnì mọ́lẹ̀” sí èkejì. Fáìlì kan náà ni wọ́n! Ẹ̀dà kejì, tí n kò bá àwọn yòókù dọ́gba, fi dẹ̀síbẹ̀lì 1.5 ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ya ojú ìwé náà dànù, mo tún un gbọ́ lọ́jọ́ kejì.

Àwọn ibi tí mo tẹ́tí sí kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ìdúró kejì, ní báà 5, fi báà kan gùn ju ti báà 2 lọ nínú ìwé orin. Olùdarí tó bá mú méjèèjì dọ́gba ti sọ ìtumọ̀ tí Beethoven kọ síbẹ̀ nù. Ní báà 59, họ́ọ̀nù ló ké ìpè tó mú àkórí kejì, ìyẹn kókó orin kejì, wá. Nígbà tí ibẹ̀ padà wá ní báà 303, fèrè bassoon ni Beethoven kọ ọ́ fún, nítorí pé họ́ọ̀nù ayé ìgbà yẹn, tí wọ́n ti dè mọ́ E♭, kò lè ké nóòtù wọ̀nyẹn dáadáa nínú C. Ọ̀pọ̀ olùdarí ti fi họ́ọ̀nù rọ́pò bassoon, àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀. Ní tèmi, mo fẹ́ bassoon níbẹ̀: ohùn gbígbẹ rẹ̀ ń jẹ́ kí á mọ̀ pé ohun kan ti yí padà. Síbẹ̀, ohun tó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ rí nínú àríwísí ni ohun èlò tí òun máa gbọ́, kí ìfẹ́ tèmi tó tẹ̀lé e.

Ibi kẹta ni ọ̀nà tó ti apá kẹta wọ ìkẹrin, níbi tí tìǹpánì ti ń kan ìlù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí trombone, piccolo àti contrabassoon tó bú jáde nígbà àkọ́kọ́. Tí ìbújáde yẹn kò bá bani lẹ́rù, mo máa ń béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Nígbà mìíràn, onímọ̀ ẹ̀rọ ló gbé ohùn tìǹpánì sókè kí a lè gbọ́ ọ, tí kò fi sí àyè tó ṣẹ́kù fún ariwo. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wá àtúnṣe ohùn mìíràn (remaster) ti ìgbàsílẹ̀ kan náà. Bí àwọn méjèèjì bá yàtọ̀ níbẹ̀, olùdarí kò jẹ̀bi.

Ti Nikisch, inú fùnẹ́lì ńlá ni wọ́n ṣeré sí. Lílo máíkírófóònù fún àwo kò gbilẹ̀ títí di 1925. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í wọ àwo irú bẹ́ẹ̀ dáadáa, wọ́n sì máa ń dín iye olóhun-èlò kù. Nítorí náà, n kò sọ ohunkóhun nípa báàsì tàbí bí ọ́kẹ́sírà ṣe tóbi tó. Bó ṣe na ìdúró àti bó ṣe ń yí ìyára padà nìkan ni mo kọ, torí ìyẹn ni àwo náà pa mọ́ fún wa. Ojú àwo kan kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, nítorí náà mo ṣọ́ra níbi tí ojú àwo ti parí: ìfàsẹ́yìn tó bá wà níbẹ̀ lè máà jẹ́ ti orin. Orin ìgbafẹ́ jìyà èyí jù. Wọ́n máa ń gé wáàsì (waltz, orin ijó) kúrú kó lè wọ ojú àwo kan, àwọn alámèyítọ́ sì ń pè é ní “ìkánjú” láìwo ìwé orin.

Àríwísí àtijọ́ ni mo kà kẹ́yìn, lẹ́yìn tí àkọsílẹ̀ mi ti parí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nípa àwọn àwo tí wọ́n gbé jáde lórúkọ Joyce Hatto, atẹpiánò ará Bírítéènì, ló kọ́ wa èyí. Wọ́n ti yìn wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀ kó tó hàn ní 2007 pé ìṣeré àwọn atẹpiánò mìíràn ni, tí wọ́n tilẹ̀ na àkókò àwọn kan kí a má bàa mọ̀. Kọ̀ǹpútà tó ka àkókò inú àwo náà ló tú àṣírí rẹ̀. Etí tó ti ka ìyìn ṣáájú máa ń gbọ́ ìyìn.

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo fa ilà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ àpèjúwe, mo sì yọ èyí tí kò ní báà lẹ́yìn. Ohun tó kù ni mo fi ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ẹyọ kan, kí ó mú ti Kleiber, kí ó sì gbọ́ báà 25 sí 58 níbi tí okùn kò ti dẹ̀ rárá. Ẹni tó fẹ́ ìyára tí Beethoven kọ àti ohùn fèrè ayé rẹ̀, ti Gardiner ni. Ti Furtwängler wà fún ẹni tó lè fara da ikọ́, kí ó lè gbọ́ bí apá kẹrin ṣe ń sáré sí i títí dé òpin. Ti Nikisch, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn E♭ rẹ̀.