Bí gàrí màámi ṣe là mí lójú nínú ECO 101

Mo gba 6 nínú 30 nínú tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí a ṣe ní ECO 101, ìyẹn microeconomics (ẹ̀kọ́ nípa bí òǹrajà àti òǹtajà ṣe ń ṣe) tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní 100 level. Mo kàwé o. Mo ti há gbogbo ẹ̀ sórí, scarcity (àìtó nǹkan), opportunity cost (ohun tí èèyàn fi sílẹ̀ nígbà tó yan òmíì), demand (bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ rà tó), supply (bí àwọn òǹtajà ṣe fẹ́ tà tó), tí ẹ bá jí mi lóru mo máa kà á fún yín láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè tó jáde ò bi wá ní ìtumọ̀ nǹkan kan, wọ́n ní ká ya gíráàfù ká fi hàn ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ọjà gàrí tí ìrẹsì bá gbówó lórí, mo wá ya nǹkan tí èmi gan-an ò lè ṣàlàyé. Bí mo ṣe kúrò níbi 6 yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, torí lọ́dọọdún ni mò ń rí àwọn tó ń wọlé tí wọ́n ń kọsẹ̀ níbì kan náà.

Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Ẹ jẹ́ ká yára mú èyí tó kéré kúrò nílẹ̀. Kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ohun tí wọ́n sì kọ́ wa nínú mátíìsì ni pé ohun tó ń fa nǹkan ló máa ń wà nísàlẹ̀ lórí x, èyí tó ń tẹ̀ lé e ló máa wà lórí y. Nínú economics, iye owó ọjà ló ń sọ ìwọ̀n tí èèyàn máa rà, síbẹ̀ owó ni wọ́n gbé dúró lóòró, ìwọ̀n ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ ya gíráàfù ni mo ń yí i padà lọ́kàn kí n tó ya á, bẹ́ẹ̀ sì ni àṣìṣe ń wọlé. Ìgbà tó yá ni mo rí i kà pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Cambridge, Alfred Marshall, ló ya á bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1890, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e títí dòní. Bí mo ṣe mọ̀ pé àṣà lásán ni, pé kò sí ìdí kan tó fara sin lábẹ́ ẹ̀ tí mi ò mọ̀, ọkàn mi balẹ̀, mi ò tún yà á sódì mọ́.

Èyí tó le gan-an ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín "change in quantity demanded" àti "change in demand". Létí ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì, kí èèyàn má ra nǹkan tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó parí. Lẹ́kítọ̀ wa ṣàlàyé ẹ̀ tó ìgbà mẹ́ta, mo ń mi orí, kò wọlé.

Ilé wa ò jìnnà sí ilé ìwé, màámi sì ń ta gàrí ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn. Lọ́jọ́ Sátidé kan ní April 2023 mo jókòó tì wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, ó kàn wá sí mi lọ́kàn pé kí n máa kọ iye kóńgò tí wọ́n ń tà lójúmọ́ sílẹ̀. Mo ra ìwé exercise kan, mo fa ìlà sí i, ọjọ́, iye owó kóńgò kan, iye kóńgò tí wọ́n tà, pẹ̀lú àyè fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan lápá ọ̀tún tí a ó máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà sí, bí òjò ni, bí wọ́n gba owó oṣù ni. Àbúrò mi ló ń bá mi kọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Àyè apá ọ̀tún yẹn ló padà ṣe mí lóore jù.

Kóńgò kan jẹ́ 500 náírà nígbà yẹn. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá lọ déédéé, màámi máa ń ta nǹkan bíi kóńgò 48. Ó wá di ìparí oṣù, gàrí ṣì jẹ́ 500, kò lé kò dín, àmọ́ 41 ni wọ́n tà, ọjọ́ kejì 41, ọjọ́ kẹta náà bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé "wọ́n ti gba owó oṣù, ìrẹsì ni wọ́n ń rà". Lẹ́yìn ìyẹn ni 29 May 2023 dé, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo bẹntiróòlù tó wà ní nǹkan bíi 190 náírà fún lítà kan sì fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó ọkọ̀ tó ń gbé gàrí wọ ìlú lọ sókè, gbogbo àwọn tó wà ní ìsọ̀ gàrí gbé kóńgò sí 700. Lọ́jọ́ tí nǹkan lọ déédéé, tí kì í ṣe ìparí oṣù, màámi ta 40.

Mo wá gbé ìwé yẹn síwájú, mò ń wò ó. 41 ní 500, 40 ní 700. Iye kóńgò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ ohun tó fà á yàtọ̀ síra pátápátá. Èyí tó di 40, owó gàrí fúnra ẹ̀ ló yí padà, àwọn oníbàárà ṣì wà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, a kàn rìn lórí ìlà demand kan náà, ìyẹn ìlà tó ń fi iye tí èèyàn máa rà ní iye owó kọ̀ọ̀kan hàn lórí gíráàfù, láti ibì kan dé ibòmíì ni. "Change in quantity demanded" nìyẹn. Èyí tó di 41, owó gàrí ò mira rárá, ohun tó wà lápò àwọn èèyàn ló yí, torí náà ìlà yẹn gan-an ló ṣí kúrò níbi tó wà, ó bọ́ sápá òsì. "Change in demand" nìyẹn. Ó jọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó rìn síwájú lójú títì àti kí wọ́n wú títì náà kúrò lọ tẹ́ ẹ síbòmíì. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọjà tí èèyàn ń dín rírà ẹ̀ kù nígbà tí owó bá wọlé ni "inferior good", mo sì ti kọ ọ́ sínú nóòtì láìmọ̀ pé àwo ẹ̀bà wa ni wọ́n ń bá wí. Mo padà sórí ìbéèrè tẹ́ẹ̀sì yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìrẹsì gbówó lórí, owó gàrí ò tíì yí, àwọn èèyàn sá wá sídìí gàrí, ìlà bọ́ sápá ọ̀tún. Ìṣẹ́jú méjì ò pé tí mo fi yà á.

Elasticity náà, ìyẹn bí ìwọ̀n tí èèyàn ń rà ṣe ń yí padà tó nígbà tí owó bá yí, inú ìwé yẹn ló ti yé mi. Mo kọ́kọ́ ṣe é bó ṣe wá sí mi lórí: owó lọ láti 500 sí 700, ìyẹn 40%, kóńgò wálẹ̀ láti 48 sí 40, ìyẹn 16.7%, tí ẹ bá pín in ó jẹ́ 0.42. Mo tún wá ṣe é láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀, láti 700 padà sí 500, ó fún mi ní 0.7. Ọjà kan náà, nọ́ńbà kan náà, ìdáhùn méjì! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo midpoint, ìyẹn àárín nọ́ńbà méjèèjì. Ẹ pín 8 pẹ̀lú 44 tó wà láàárín 48 àti 40, ẹ pín 200 pẹ̀lú 600 tó wà láàárín 500 àti 700, 18.2% lórí 33.3%, ó jẹ́ 0.55 yálà ẹ ń gòkè ni o, ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ ni o. Kò tó 1, ó túmọ̀ sí pé inelastic ni, ìyẹn ni pé ìwọ̀n tí wọ́n ń rà ò yí tó bí owó ṣe yí, tí owó bá lọ sókè owó tó ń wọlé máa pọ̀ sí i. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, 500 lọ́nà 48 jẹ́ 24,000, 700 lọ́nà 40 jẹ́ 28,000.

Mo sáré lọ sọ fún màámi pé owó tó ń wọlé fún wọn ti pọ̀ sí i. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Èló ni mò ń ra gàrí ọ̀hún báyìí?" A ṣírò ẹ̀ pọ̀. Tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú owó ọkọ̀, kóńgò kan ń dé ọwọ́ wọn ní 400, èrè ọjọ́ kan jẹ́ 4,800. Báyìí ó ń dé ọwọ́ wọn ní 610, èrè di 3,600. Owó tó ń wọlé lé, èrè já. Mi ò tún da revenue pọ̀ mọ́ profit mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo wá bi wọ́n pé, "Ẹ ò ṣe gbé e sí 750 nígbà yẹn?" Wọ́n ní, "Ta ló máa kọjá ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń tà á ní 700, tó máa wá rà á lọ́dọ̀ mi ní 750?" Ẹ̀yin ará mi, orí kan odindi nìyẹn lórí perfect competition, ìyẹn ọjà tí òǹtajà pọ̀ tí gbogbo wọn ń ta nǹkan kan náà. Price taker ni màámi, ẹni tó ń gba iye tí ọjà bá sọ. 0.55 tí mo ṣírò yẹn, ti gbogbo ìsọ̀ gàrí ni, torí gbogbo wọn jọ gbé owó sókè ni. Ti màámi nìkan yàtọ̀, bí àwọn nìkan bá fi náírà díẹ̀ lé e, ọjà máa dúró tì wọ́n.

 Ti marginal cost (owó tí ẹyọ kan sí i máa náni) tó máa ń gba ibi tó rẹlẹ̀ jù lára average cost (àròpín owó tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan náni) kọjá, máàkì tẹ́ẹ̀sì ni mo fi ṣàlàyé ẹ̀ fún ara mi: bí máàkì tuntun bá kéré sí àròpín tí mo ní, ó máa fà á wálẹ̀, bó bá ju ú lọ ó máa gbé e sókè, torí náà ibi tí wọ́n ti pàdé ló rẹlẹ̀ jù. Ohun tí mo ṣe ju gbogbo ẹ̀ lọ ni pé mo ń ya gíráàfù márùn-ún lójúmọ́ láìwo nóòtì, mo sì ń kọ gbólóhùn kan sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sọ ohun tó yí padà àti ohun tí mo gbà pé kò yí.

Tẹ́ẹ̀sì kejì, mo gba 22. Wọ́n ro méjèèjì pọ̀, wọ́n pín in sí méjì, ó jẹ́ 14 nínú 30, mo gba 50 nínú 70 nínú ìdánwò, àpapọ̀ 64, B.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, mo lọ bá màámi ní ṣọ́ọ̀bù, kóńgò ṣì wà ní 700. Inú wọ́n dùn, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n wá ní kí n mú ìwé yẹn wá. "Tí èmi nìkan bá já a sí 650 ńkọ́, ṣebí gbogbo wọn á sá wá sọ́dọ̀ mi?" Mo ní wọ́n á wá lóòótọ́, àmọ́ 40 náírà ni èrè orí kóńgò kan máa kù, kí wọ́n tó rí 3,600 tí wọ́n ń rí báyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ ta kóńgò 90 lójúmọ́. Wọ́n wo àpò gàrí tó wà nílẹ̀, wọ́n wo ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ní tóun náà bá já tiẹ̀ sí 650 lọ́la ńkọ́. Wọ́n fi kóńgò bu gàrí, wọ́n fi sílẹ̀ ní 700.