Bí a ṣe kó gọ́tà àdúgbò wa ní Bàrígà lọ́dún yìí

Ọdọọdún la máa ń kó gọ́tà kí òjò tó wọlé dé, ọdọọdún náà lomi sì ń wọlé wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ àdúgbò, mo ní ká gba ọ̀nà mìíràn yọ sí i. Àwọn àgbà ní kí n ṣáájú.

Mi ò kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì rárá. Òjò wẹliwẹli kan rọ̀ nírọ̀lẹ́, mo wọ bàtà òjò, mo tẹ̀lé omi gọ́tà láti ẹnu ilé wa títí dé etí ọ̀sà lápá Ìlàjẹ. Ibikíbi tómi bá ti dúró, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá oníbúrẹ́dì ló burú jù. Wọ́n ti da sìmẹ́ǹtì bo gọ́tà kí oníbàárà lè rọ́nà wọlé, kò síbi téèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀. Mo tan iná fóònù sínú ihò rẹ̀: ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ike mínírà, abọ́ funfun tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ, èyí tí ìjọba Èkó fòfin dè ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Gbogbo rẹ̀ dì pọ̀ bí ẹ̀kọ àná.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fọ́ sìmẹ́ǹtì yìí.”

“Ta ló máa bá mi dà á padà? Ẹ ó kó gọ́tà tán, kálukú á gbalé ẹ̀ lọ.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. A fi owó síléèbù, ìdérí gọ́tà tó ní irin ìgbámú téèyàn lè fi ṣí i, kún owó tí a dá, ni wọ́n bá gbà.

Àwọn apẹja ló la èyí tó kàn yé mi. Bí ọ̀sà bá kún, kò síbi tómi gọ́tà fẹ́ gbà, kódà kó mọ́ tónítóní. A bi wọ́n ìgbà tómi máa fà lọ́jọ́ Sátidé, ìgbà yẹn la bẹ̀rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ létí ọ̀sà bọ̀ wá sókè. Ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló ń ti ìdọ̀tí sí ará ìsàlẹ̀ lọ́rùn. Àwọn bàbá kan ń dárò Sátidé ìmọ́tótó ìparí oṣù, tẹ́nìkan kì í jáde títí di aago mẹ́wàá, èyí tí ìjọba Èkó fagi lé lọ́dún 2016. Èmi ò gbà pé sísé èèyàn mọ́lé ló ń mú gọ́tà mọ́.

Ẹrẹ̀ gan-an niṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, etí gọ́tà la máa ń kó o sí pé kó gbẹ. Òjò àkọ́kọ́ á sì gbá a padà sínú. Lọ́tẹ̀ yìí, inú àpò ìrẹsì la rọ ọ́ sí, tómi ń ro jáde lára rẹ̀ títí àpò fi fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ má fọwọ́ lásán ṣe é o, àfọ́kù ìgò pọ̀ níbẹ̀. A ti sanwó típà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, torí bó bá di ọ̀la, kò sẹ́ni tó máa jáde mọ́. Ike la yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń rà á ní kílò, àwọn ọ̀dọ́ tó wọnú gọ́tà ló pín owó rẹ̀.

Nígbà tí òjò ńlá rọ̀, ilé àwa tòkè gbẹ. Omi ṣì wọ ilé méjì létí ọ̀sà, torí ọ̀sà kún lọ́jọ́ náà. Ìyẹn kọjá agbára ṣọ́bìrì. A ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn irin sẹ́nu gọ́tà níbẹ̀, èyí tómi máa gbà jáde tí ọ̀sà ò ní lè gbà wọlé.